Akẹtẹ̀ Tí Mo Jù Sómi ní Wọ́ọ̀fù Àpápá

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sún wá sábẹ́ òrùlé kí n tó la ẹnu. Mi ò lè máa wò yín nínú oòrùn kí ọkàn mi balẹ̀. Mo ń rí yín bí ẹ ṣe ń wa kẹ̀kẹ́ lọ bọ̀ ní Boundary, ní Ajégúnlẹ̀, tí orí yín á gbóná bí àgbá irin tí wọ́n gbàgbé síta. Ẹ ó wá ra omi inú ọ̀rá tó tutù bí yìnyín, ẹ ó dà á sórí, ẹ ó ní ó ti parí. Kò parí o. Oòrùn kì í bá èèyàn jà lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ló ń gba tirẹ̀ lára ẹni, bí ọṣẹ ṣe ń tán lọ́wọ́ alágbàfọ̀.

Nígbà tí àwa wà lọ́dọ̀ọ́, Àpápá kì í ṣe ibi tí ẹ mọ̀ yìí. Lónìí, àpótí irin ràgàjì ni wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ látinú ọkọ̀ òkun, ọkùnrin kan ṣoṣo á sì jókòó sókè nínú yàrá onígíláàsì, á máa fi ọwọ́ kan darí ẹ̀rọ. Nígbà tiwa, ọrùn èèyàn ni kíréènì. Sìmẹ́ńtì, iyọ̀, ìrẹsì, pánlá, orí la fi ń rù wọ́n bọ́ sílẹ̀. Kòkó àti ẹ̀pà tó ń lọ sókè òkun, ẹ̀yìn la fi ń gbé wọn wọkọ̀.

Bí ẹ bá dúró ní Wharf Road láàárọ̀ ìgbà náà, etí yín ò ní gbófo. Ẹ ó gbọ́ fèrè ọkọ̀ tó ń dún bùùù bí akọ màlúù. Ẹ ó gbọ́ ẹ̀wọ̀n tí ẹ̀rọ fi ń fa ẹrù, jànkan-jànkan-jan. Ẹ ó sì gbọ́ orin, nítorí gáǹgì kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ́ alábàárù kọ̀ọ̀kan, ló ní tirẹ̀. Hẹ́dímáànù, olórí wa, á ké e pé, "Ta ló lẹrù?" Àwa mẹ́rìndínlógún á dáhùn pé, "Ẹni tó lẹrù ń sùn nílé rẹ̀!" Á tún ní, "Ta ló lọrùn?" A ó ní, "Àwa la lọrùn!" Àpò á sì fò sórí. Orin yẹn ló ń gbé ẹrù náà ju ọrùn lọ. Mo máa ń gbọ́ ọ lójú oorun títí dòní.

Ajégúnlẹ̀ la ti ń fẹsẹ̀ rìn wá. Ilé tí mo ń gbé, yàrá kọjú sí yàrá ni. Sunday, ọmọ Urhobo, ló wà lọ́kàn-ánkán mi, ọmọ ẹ̀yà Ijaw kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọ ilé kéwú kan wà lẹ́yìn. Wọ́n ní òjò ló pa ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ. Ní tiwa, oòrùn ló pa wá pọ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, a ti fọ ẹ̀kọ mu, a ti dorí kọ wọ́ọ̀fù, Yorùbá lẹ́nu ẹnìkan, Pijin lẹ́nu ẹnìkejì, ẹ̀rín lẹ́nu gbogbo wa.

Bàbá Ràímì ni orúkọ hẹ́dímáànù wa. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, ó ga, ó gbẹ, irun rẹ̀ ti ń funfun létí méjèèjì. Kò kàwé rárá. Ṣùgbọ́n ní ti ọ̀rọ̀ oòrùn, mi ò tíì rí ọ̀mọ̀wé tó tó o. Ó sọ fún wa lọ́jọ́ kan pé iṣẹ́ ojú irin ni òun àti àbúrò òun jọ ń ṣe nígbà èwe, pé lọ́sàn-án gangan ni àbúrò náà ní òtútù ń mú òun, ó jókòó, kò sì dìde mọ́. Àtọjọ́ náà ló ti ń fojú kọ́ bí oòrùn ṣe ń pa èèyàn, àti bí èèyàn ṣe lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Láràárọ̀ ló ń yẹ̀ wá wò bí ìyá ṣe ń yẹ ọmọ tó ń lọ sílé ìwé wò. Aṣọ alápá gígùn dà? Àpò kòkó tí a ń ká igun rẹ̀ sínú ara wọn, tí ó máa bo orí, ọrùn àti ẹ̀yìn, dà? Á fi òrí pa imú àti ètè wa. Lábẹ́ igi kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ sẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń kó ẹrù sí, ìkòkò omi ńlá kan wà tó máa ń fi iyọ̀ díẹ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ sí. Á ní, "Ẹ mu ún kí òǹgbẹ tó gbẹ yín. Òǹgbẹ tó bá ti gbẹni, ó ti pẹ́ dé." Bí a bá ń ṣiṣẹ́, ara wa ni ojú rẹ̀ ń wà. Kì í bẹ̀rù òógùn. Ẹni tí òógùn rẹ̀ bá dá lójijì ló ń bà á lẹ́rù. "Ìwọ, jókòó!" Kò sí pé mo fẹ́, mo kọ̀.

Àwa ọ̀dọ́ ń ráhùn. A fẹ́ bọ́ ẹ̀wù ká lè fi igẹ̀ ṣe fáàrí. Bàbá á ní, "Iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́, àbí? Ara wo lẹ wá fẹ́ fi ṣe é lọ́la?"

Ẹ ò bá rí wa nígbà ààwẹ̀. Bí ààwẹ̀ bá ti wọlé, Sunday àti àwọn onígbàgbọ́ tó kù á lọ bá Bàbá fúnra wọn pé kó fi àwọn síta gbangba, kó fi àwọn aláàwẹ̀ sínú sẹ́ẹ̀dì. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ rẹ̀. Bí Kérésìmesì bá dé, àwa aláàwẹ̀ náà á gba ojúmọ́ tiwọn ṣe kí wọ́n lè lọ kí mọ̀lẹ́bí. Lọ́jọ́ ìtúnu ààwẹ̀, Sunday ló máa ń jẹun jù. Bí a bá pariwo lé e lórí, á ní, "Me too, I fast. Na sun I chop." Pé òun náà gbààwẹ̀, oòrùn ni òun jẹ.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn ogun abẹ́lé, nígbà tí ọkọ̀ sìmẹ́ńtì tò lójú òkun bí ẹni ń dúró de omi ẹ̀rọ, ọkùnrin kan wá bá wa lẹ́nu géètì. Àfín ni. Àkànbí lorúkọ rẹ̀, yóò tó ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, ẹgbẹ́ mi gan-an. Ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Iṣẹ́ ni mo ń wá."

Bàbá Ràímì wò ó tìtì. "Ṣé o mọ̀ pé ìta gbangba la ti ń ṣe tiwa?"

"Mo mọ̀, bàbá. Mo ti dé ọ́fíìsì tó pọ̀. Wọ́n ní ojú mi ò lè ka ìwé dáadáa. Ìyá mi nìkan ló wà nílé, àárẹ̀ sì ti mú un. Ọrùn mi le, bàbá."

"Ọrùn rẹ le, ṣùgbọ́n awọ ara rẹ ò le," ni Bàbá wí. "Kò burú. Ọrùn la máa lò, awọ la máa ṣọ́."

A rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín jù. Nígbà tí ó fẹ́ bu omi inú ìkòkò mu, mo kígbe pé, "Ẹ gba igbá lọ́wọ́ rẹ̀! Àfín kì í jẹ iyọ̀!" Àkànbí gbé igbá sẹ́nu, ó mu ún tán, ó nu ẹnu. "Ọbẹ̀ oníyọ̀ ni ìyá mi fi tọ́ mi," ló wí. Gbogbo gáǹgì tún rẹ́rìn-ín, èmi ni wọ́n ń fi rín lọ́tẹ̀ yìí. Ó dùn mí, mo sì fi pamọ́ sínú.

Ìyá Ìlàjẹ kan wà ní Ajégúnlẹ̀ nígbà náà, létí omi, tó ń hun ẹní. Bàbá Ràímì lọ bá a pé kó hun akẹtẹ̀ kan fún Àkànbí, kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń dé lásán. Ìyá fi ìko hun ún, ó fẹ̀ bí àtẹ, ó sì rán aṣọ dúdú mọ́ etí rẹ̀ tó já sílẹ̀ bo ọrùn àti èjìká. Àkànbí dé e wá sí wọ́ọ̀fù. Mo sọ Àkànbí ní "Òrùlé Tó Ń Rìn". Orúkọ náà mọ́ ọn lórí. Kò bínú. Inú sẹ́ẹ̀dì ni Bàbá ń fi í sí lọ́pọ̀ ìgbà, bí ó bá sì di dandan kó jáde, akẹtẹ̀ náà á wà lórí rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ni nǹkan bà jẹ́. Wọ́n ti pe Bàbá sí ọ́fíìsì nítorí ìwé ọkọ̀ kan. Iṣẹ́ pọ̀, gbogbo wa la wà níta. Àkànbí ṣí akẹtẹ̀ láti nu ojú, mo bá já a gbà. Mo dé e, mo jó, mo ṣe bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Sunday na ọwọ́ pé kí n jù ú sí òun. Mo jù ú. Atẹ́gùn òkun gbé e kọjá lọ́wọ́ Sunday, ó já sáàárín ọkọ̀ àti èbúté, omi sì gbé e wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ.

Ẹ̀rín dá. Mo ní, "Eré ni mo ń ṣe o." Àkànbí wo omi náà. "Kò burú," ló wí. Ó ká ìnujú lé orí, ó gbé àpò sìmẹ́ńtì. Àpò kòkó wà nínú sẹ́ẹ̀dì o, ẹ̀yin ọmọ. Mo lè sáré lọ mú ọ̀kan wá fún un. Ìgbéraga ò jẹ́. Mo ń wo ọrùn rẹ̀ bí ó ṣe ń pọ́n, tó pọ́n bí ẹyìn, tí eruku sìmẹ́ńtì àti òógùn pò pọ̀ lára rẹ̀, mo sì dákẹ́.

Nígbà tí agogo méjì ń lọ lù, ó sọ àpò kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Ilẹ̀ ń yí," ló wí fún mi. Mo wo ojú rẹ̀. Ó gbẹ táútáú. Òógùn kan ò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ṣubú.

Bàbá Ràímì ló ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ó sáré bí ọmọ ogún ọdún. "Ẹ gbé e wá síbòòji! Ẹ rẹ àpò sómi! Ẹ tú u láṣọ!" A fi àpò tútù bò ó, Sunday ń fi páálí fẹ́ ẹ. Bàbá gbé orí rẹ̀ lé itan, ó ń fi omi tọ́ ọ létè díẹ̀díẹ̀. Mo dúró síbẹ̀. Mo rò pé mo ti pa èèyàn.

Ìgbà náà ni fọ́máànù ilé iṣẹ́ tó gbà wá síṣẹ́ dé. "Kí ló dá iṣẹ́ dúró? Ọkọ̀ yìí ní láti kúrò láìpẹ́. Ẹ gbé ẹni yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí àwọn tó kù padà sẹ́nu iṣẹ́."

Bàbá ò gbójú sókè. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ kan irin ọkọ̀ yẹn."

Fọ́máànù na ọwọ́, ó tètè fà á sẹ́yìn.

"Abẹ́ oòrùn tó mú un gbóná bẹ́ẹ̀ lẹ ní kí n dá orí ọmọ èèyàn padà sí."

"Gáǹgì mìíràn wà níta tó ń wá iṣẹ́, Bàbá."

"Mo mọ̀." Bàbá Ràímì rọra tẹ́ orí Àkànbí sórí àpò, ó bọ́ sí iwájú fọ́máànù, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò sọ fún wa pé ká jókòó. Sunday ló kọ́kọ́ tẹ̀ lé e. Èmi ni ẹnìkẹta. Kí á tó ka ogún, gbogbo gáǹgì ti wà nílẹ̀. Ẹ rántí pé kò sí ẹni tó ní ibòmíràn láti lọ nínú wa. Iṣẹ́ yẹn ló ń bọ́ ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ọjọ́ tí mo fẹ́ràn àwọn èèyàn tó bẹ́ẹ̀.

Bàbá wá fohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀. "Ọ̀gá, a ò kọ̀ṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká máa bẹ̀rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí agogo mọ́kànlá bá lù, ẹ jẹ́ ká wọ ibòòji títí di mẹ́ta, ká tún wá ṣe é títí oòrùn á fi wọ̀. Ẹ fún wa ní ọjọ́ mẹ́ta péré. Bí àpò wa bá dín sí ti gáǹgì kejì, èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ lé."

Fọ́máànù wo ọkọ̀, ó wò wá, ó tún wo Àkànbí tó ti ń ṣíjú. "Ọjọ́ mẹ́ta," ló wí, ó sì lọ.

Ìgbà náà ni Bàbá yíjú sí wa. "Akẹtẹ̀ rẹ̀ dà?"

Àkànbí fúnra rẹ̀ la ẹnu lórí ìdùbúlẹ̀, ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọ ọwọ́ lọ. "Atẹ́gùn ló gbé e, bàbá."

Ẹ̀yin ọmọ, bí ó bá jẹ́ pé ó bú mi ni, ǹ bá lè dákẹ́ síbẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ nínú eruku sìmẹ́ńtì. "Irọ́ ni, bàbá. Èmi ni mo jù ú sómi."

Bàbá Ràímì ò lù mí. "Láti ọ̀la, bí o bá ti kúrò níbí, ọ̀dọ̀ Ìyá Ìlàjẹ lò ń lọ. Wà á kọ́ bí wọ́n ṣe ń hun ún. Ọ̀kan fún Àkànbí, ọ̀kan fún olúkúlùkù wa. Tìrẹ ni wà á hun gbẹ̀yìn."

Mo dé ilé Àkànbí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti lé ròrò, ìyá rẹ̀ ń fi òrí rọra pa á lára. Kí n tó wí ohunkóhun, ìyá náà ti ń kí mi, ó ń ṣàdúrà fún mi pé ọ̀rẹ́ rere ni mo jẹ́ tí mo wá wo ọmọ òun. Mo jẹ́wọ́ fún un lórí ìdọ̀bálẹ̀. Ó wá gbé igbá òrí náà lé mi lọ́wọ́. "Apá rẹ̀ òsì ṣì kù," ló wí. Mo pa á, omi sì ń bọ́ lójú mi sórí ọwọ́ ara mi.

Ìko kì í ṣe ọ̀rẹ́ ọwọ́. Ó gé mi níka títí mi ò fi lè fọwọ́ bu ọbẹ̀ aláta. Ìyá Ìlàjẹ á tú èyí tí mo hun dànù, á ní, "Agbọ̀n adìẹ lo hun yìí. Bẹ̀rẹ̀ padà." Mo bẹ̀rẹ̀ padà. Akẹtẹ̀ àkọ́kọ́ tó dúró dáadáa, mo gbé e fún Àkànbí lọ́jọ́ tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó yí i wò, ó dé e. "Òrùlé rẹ ń jò díẹ̀," ló wí, a sì jọ bú sẹ́rìn-ín.

Ti ọjọ́ mẹ́ta ńkọ́? Ọjọ́ kìíní, gáǹgì kejì ju wá lọ, ọkàn wa domi. Ọjọ́ kejì, a bá wọn dọ́gba. Ọjọ́ kẹta, nígbà tó fi máa di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, àwọn ń wọ́ ẹsẹ̀, àwa ń kọrin. Ara tó ti sinmi ò bá ara tó ti jóná jà, yóò kàn kọjá lára rẹ̀ ni. A fi ọ̀pọ̀ àpò jù wọ́n lọ. Kí oṣù náà tó parí, gáǹgì méjì mìíràn ti ń wọ ibòòji ní mọ́kànlá, wọ́n sì ta tapólì mọ́ ẹ̀gbẹ́ sẹ́ẹ̀dì kó lè gba gbogbo wa. Lọ́jọ́ kan, fọ́máànù náà fà mí sẹ́yìn ilé. Mo rò pé ó fẹ́ lé mi ni. Ó ní, "Wọ́n ní ìwọ lò ń hun nǹkan yìí. Hun ọ̀kan fún mi, ṣùgbọ́n má jẹ́ kó fẹ̀ jù."

Nǹkan tó ń yà mí lẹ́nu nìyẹn bí mo bá ń kọjá ní Wharf Road lónìí. Mo ń rí àwọn awakọ̀ àjàgbé tí wọ́n jókòó sórí ọ̀dà láti àárọ̀ títí di alẹ́. Fìlà ike ń bẹ, awò dúdú ń bẹ, ìpara wà lọ́jà. Ohun tí mi ò rí ni ẹni tó ń wo ojú ẹnìkejì bóyá òógùn rẹ̀ ti dá.

Ohun kan wà tí a ò mọ bí a ṣe máa bò fún Bàbá Ràímì, ojú rẹ̀ ni. Hẹ́dímáànù ló ń fọwọ́ júwe fún ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ, nítorí náà, òkè ni ojú rẹ̀ ń wà látàárọ̀, sí ẹrù tó so rọ̀, sí ojú ọ̀run, sí omi tó ń tan bí dígí. Ọdún tó ju ogún lọ ló fi wo oòrùn lójú ká lè máa wo ilẹ̀. Nígbà tí ó fi máa fẹ̀yìn tì, nǹkan funfun ti bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì. Kò ríran mọ́. Àkànbí ti di ẹni tó ń tọ́jú ẹrù nínú sẹ́ẹ̀dì nígbà náà, ara rẹ̀ sì dá ṣáṣá.

Onígbàgbọ́ ni Àkànbí. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, bí ọ̀sán bá pọ́n, á tọrọ àyè níbi iṣẹ́, á wá mú Bàbá lọ́wọ́ lọ sí mọ́ṣáláṣí, á dúró dè é lábẹ́ ìgànná, á tún mú un padà sílé. Mo bá wọn lọ́nà ní Ajégúnlẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn jẹ́jẹ́. Àkànbí na agboòrùn síwájú, ó fi bo Bàbá nìkan látòkè délẹ̀.

Bàbá Ràímì dúró lójijì. "Àkànbí, níbo ni agboòrùn yìí wà?"

"Ó wà lórí wa, bàbá."

Bàbá na ọwọ́, ó ń wá a kiri nínú afẹ́fẹ́ títí ó fi kan orí Àkànbí. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé e. Orí náà gbóná. Ó di ọwọ́ agboòrùn mú, ó tì í sọ́dọ̀ Àkànbí.

"Mi ò rí oòrùn mọ́, ọmọ mi," ló wí, "ṣùgbọ́n mo mọ ibi tó wà. Sún mọ́ mi."

Wọ́n fún ara wọn mọ́ra lábẹ́ rẹ̀, àgbà àti ọmọ, wọ́n sì ń bá ọ̀nà wọn lọ.